Kì í ṣe òòfà tó kọjú sódì ló fún Peter Green ní ohùn gìtá rẹ̀

Ẹ bi àwọn onígìtá léèrè ibi tí Peter Green, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Fleetwood Mac nígbà kan, ti rí ohùn tó tutù, tó sì dùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á ní gìtá rẹ̀ ló lábùkù: òòfà kan nínú gìtá oníná Les Paul rẹ̀ ti ọdún 1959 kọjú síbi tí kò yẹ, àbùkù náà ló sì di àdììtú tí ẹnikẹ́ni ò lè tú. Àwọn kan tiẹ̀ ń tú gìtá tiwọn palẹ̀ kí wọ́n lè yí òòfà inú rẹ̀ padà. Ó ń dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ń gbé fún irin.

Òótọ́ ni pé òòfà inú pickup (ohun tó ń gba ìró okùn gìtá) tó wà lẹ́bàá ọrùn gìtá náà kọjú sódì. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Pickup méjì ló wà lára Les Paul, èèyàn lè lo ọ̀kan, ó sì lè lo méjèèjì pọ̀. Tó bá lo méjèèjì, ìró wọn á máa ta ko ara wọn: ohùn ìsàlẹ̀ á lọ, èyí tó kù á fẹ́lẹ́, á dà bíi pé imú ló ti ń jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló lò, kí ni ìró yẹn fẹ́ ta kò? Ibi yòówù kí òòfà kọjú sí, etí ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wá lọ gbọ́ «The Supernatural», tó ta pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin John Mayall ní 1967. Ohùn kan ṣoṣo ló fà títí tí ámpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn náà sì kún bámúbámú.

Gìtá yẹn kan náà bọ́ sọ́wọ́ onígìtá míì, Gary Moore, lẹ́yìn tí Green kúrò nínú Fleetwood Mac ní 1970. Moore fi ṣe odindi àwo orin Green ní 1995. Láti 2014, Kirk Hammett, onígìtá ẹgbẹ́ Metallica, ló ni ín. Òòfà ò kúrò nípò rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí Moore bá ta á, Moore lẹ máa gbọ́: iná lọ́tùn-ún, iná lósì. Ta ló gbọ́ dùndún tó ń ki èèyàn lóríkì, tó wá ń yin awọ ìlù?

Níbo ni ohùn náà ti wá? Ẹ gbọ́ «Albatross», tí Fleetwood Mac gbé jáde ní oṣù kọkànlá 1968. Kò sẹ́ni tó kọrin nínú rẹ̀. Ọ̀pá tí orí rẹ̀ rọ̀ ni Mick Fleetwood fi ń lu ìlù, béèsì John McVie ń lọ, ó ń bọ̀, kò kánjú. Danny Kirwan, ọmọ ọdún 18, wà nídìí gìtá kejì. Green á gbé ohùn kan sílẹ̀, á fi ìka gbọ̀n ọ́n díẹ̀, á wá jẹ́ kó rọra tán kó tó mú òmíràn. Ìdákẹ́ àárín méjèèjì gan-an ni kí ẹ fetí sí. Òòfà wo ló ń kọ́ èèyàn níbi tó ti yẹ kó dákẹ́?

Orin yìí dé ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní 1969. Wọ́n tún un gbé jáde ní 1973, ó tún dé ipò kejì. George Harrison, onígìtá ẹgbẹ́ Beatles, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé «Albatross» làwọn ń wò nígbà tí wọ́n ń ṣe «Sun King».

Ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ni Green ti kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ B.B. King àti Otis Rush, tí gìtá wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin, tó ń mí láàárín gbólóhùn. Ní oṣù kìíní 1969 yẹn náà, Fleetwood Mac lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Chess ní Chicago, wọ́n bá Willie Dixon, Otis Spann àti Buddy Guy ṣeré. B.B. King sì sọ pé ohùn Green ló dùn jù nínú gbogbo èyí tóun gbọ́ rí, pé Green nìkan ló mú òógùn tútù bo òun. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o. Kò mẹ́nu ba òòfà.

Nítorí náà, ẹ fi gìtá yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ yan pickup ọrùn nìkan, ẹ dín ohùn ámpù kù, ẹ mú ìlà kan ṣoṣo nínú «Albatross», kí ẹ máa ta á títí ìka yín á fi mọ ibi tí Green ti ń gbọ̀n ọ́n àti ibi tó ti ń fi í sílẹ̀.