Abẹ oníbejì tí bàbá wa àgbà fi sílẹ̀

Àkàndé Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́: Ẹ kú ilé o. A pín ẹrù bàbá tó bí bàbá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, abẹ ìfárí kan ló kàn mí. Ó ń ká sínú èèkù rẹ̀ bí ọ̀bẹ àpò. Èèkù náà funfun, ó ti ń pọ́n díẹ̀ bí eyín arúgbó. Ní ọrùn abẹ, níbi tí irin ti wọ èèkù, wọ́n tẹ àwòrán ènìyàn méjì tó dúró ti ara wọn. "Abẹ oníbejì" la ń pè é nílé. Àbúrò bàbá mi ní láti Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n ti gbé e wá, pé eyín erin sì ni èèkù rẹ̀. Ẹnì kan ti fẹ́ rà á nítorí eyín erin yẹn. N kò fẹ́ tà á, mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán: Ọmọ mi, má tà á o. Orí ìbejì ni wọ́n ń fi irú abẹ bẹ́ẹ̀ fá. Nílé tiwa, abẹ tó bá ti fá orí Táyé àti Kẹ́hìndé, a kì í fi kan orí ẹlòmíràn.

Àyìnlá Ogbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mà, ṣùgbọ́n irin òyìnbó ni abẹ yìí. Ìlú Solingen ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ àti abẹ láti ayébáyé, ni mo fura sí. Peter Henckels fi àmì ènìyàn méjì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1731. Zwilling ni wọ́n ń pè é, ìbejì náà sì ni Zwilling lédè wọn. Àkàndé, wo ẹ̀gbẹ́ àwòrán yẹn dáadáa. Ṣé lẹ́tà wà níbẹ̀?

Àkàndé Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́: Mo tan iná fóònù sí i, mo fi aṣọ nu ẹrẹ̀ rẹ̀. "J. A. HENCK" ni mo rí, ìpẹtà ti jẹ ìyókù. Lódì kejì, "GERMANY".

Àyìnlá Ogbómọ̀ṣọ́: Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́-Ilé parí nìyẹn. Kí ọdún 1840 tó pé ni Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, tí Aláàfin Àtìbà ti tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Òfin ilẹ̀ England ti ọdún 1887 àti ti Amẹ́ríkà ti ọdún 1890 ló mú kí wọ́n máa tẹ orúkọ orílẹ̀-èdè sára ọjà tó ń wọ ilẹ̀ wọn. Irin tó bá ní "GERMANY" lára, ẹ̀yìn àkókò yẹn la máa ń kà á sí.

Ọmọ Onígbàjámọ̀: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí Ọ̀yọ́-Ilé, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ò purọ́. Abẹ ni bàbá mi fi tọ́ wa. Ẹni tí kò ka lẹ́tà, àwòrán ló ń wò nígbà tó bá ń ra irinṣẹ́. Onígbàjámọ̀ tó bá rí ènìyàn méjì lára abẹ ní ìlú Ọ̀yọ́ yìí, kí lẹ rò pé yóò pè é? Orí ta ni yóò fi í pamọ́ fún? Òyìnbó ló rọ ọ́, àmọ́ àwọn bàbá wa ló sọ ọ́ di abẹ ìbejì.

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán: Ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

Àdùkẹ́ Àpáàrà: Èèkù ńkọ́? Ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ iná, ẹ fi gún un. Eyín erin ò ní yọ́.

Àyìnlá Ogbómọ̀ṣọ́: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Tó bá jẹ́ celluloid, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ásíìdì sè ni wọ́n pò mọ́ káńfọ̀ láti fi ṣe é, wọ́n sì máa ń ṣe é kó jọ eyín erin. Fi àtàǹpàkò ra á títí yóò fi móoru, kí o gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bíi káńfọ̀, kì í ṣe eyín erin.

Ọmọ Onígbàjámọ̀: Ẹ̀gbọ́n, inú àpótí aṣọ bàbá àgbà ló ti wà! Kí ni kì í rùn bíi káńfọ̀ níbẹ̀?

Àyìnlá Ogbómọ̀ṣọ́: Òótọ́ lo sọ, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn. Kó gbé e síbi afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta kó tó ra á. Kó sì wo ìlà ara rẹ̀. Ìlà eyín erin máa ń gba ara wọn kọjá bí ojú àwọ̀n, pàápàá níbi tí wọ́n ti gé e. Ti ayédèrú máa ń gún gbọọrọ, wọn kì í pàdé. Má fi sáńpépà kàn án o, wàá pa lẹ́tà ọrùn rẹ̀ rẹ́. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ tó. Má sì dì í sínú ọ̀rá, torí celluloid tó ti gbó máa ń tú èéfín tó ń jẹ irin.

Àkàndé Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́: Ọjọ́ kẹrin rèé. Òórùn àpótí ti lọ, àmọ́ bí mo ṣe ra á tó móoru, káńfọ̀ ló tún jáde. Ìlà rẹ̀ gún gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé kì í ṣe eyín erin, kò pè mí padà. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lánàá, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí wọn létí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní abẹ yẹn ni bàbá wọn fi máa ń fá orí àwọn àti Kẹ́hìndé wọn, ọjọ́ kan náà, lórí àpótí kan náà. Kẹ́hìndé ti lọ tipẹ́. Wọ́n ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, àwọn fẹ́ dì í mú.