Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ̀lé ìyàwó lọ sí Fínlándì, ẹ má dé ibẹ̀ ní oṣù kẹfà

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé ẹ fẹ́ kó lọ sí Fínlándì, òtútù ni wọ́n á fi dẹ́rù bà yín. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òtútù ní àtúnṣe. Aṣọ wà, inú ilé wọn sì máa ń móoru ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìgbà ooru wọn gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ máa gbé ní ìlú ọkọ tàbí ìyàwó yín, tí ẹ ti ń wo owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kẹfà kí òtútù má baà pàdé yín ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. (Ọkùnrin ni mí, ìyàwó ni mo tẹ̀lé dé ibí, ìyàwó ni màá sì máa kọ. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fi ọkọ rọ́pò rẹ̀.)

Òfin iṣẹ́ wọn ló sọ pé láàárín ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni kí òṣìṣẹ́ gba ìsinmi ìgbà ooru rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́ tó. Oṣù keje ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á. Ẹ bá kọ̀wé sí ọ́fíìsì nígbà yẹn, ẹ̀rọ ló máa dá yín lóhùn pé ẹni tí ẹ ń wá ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ. Kíláàsì èdè àwọn àlejò ti wà ní ìsinmi. Àwọn ọmọ ilé ìwé kò ní wọlé títí di nǹkan bí àárín oṣù kẹjọ. Iṣẹ́ ìgbà ooru tí ẹ rò pé ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń kọ̀wé béèrè fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí yìnyín ṣì bo ilẹ̀.

Onílùú kì í mọ èyí lára. Àlejò ló ń jẹ níyà, nítorí pé ní Fínlándì, ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti kóòdù báńkì kò tíì dé. Kóòdù tí báńkì bá fún yín yẹn ni ẹ ó fi wọ ojú òpó ilé ìwòsàn, ti owó orí, àti ti Kela tó ń bójú tó owó ìrànwọ́. Kó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ìyàwó yín ni ẹnu yín, òun náà ni ọwọ́ yín. Òun ló máa pe dókítà, òun ló máa ka lẹ́tà fún yín. Ọkùnrin tó ti ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ á wá máa tọrọ owó bọ́ọ̀sì. Ètò tí ì bá yá ní oṣù kẹsàn-án lè wọ́ gba gbogbo ìgbà ooru kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, ibí yìí ni ìjà àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe orí àwọ̀, kì í ṣe orí oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ oòrùn wá kù. Ní Helsinki tó wà ní gúúsù pàápàá, ní ìparí oṣù kẹfà, ó máa ń kù díẹ̀ kí aago 11 alẹ́ lù kí oòrùn tó wọ̀, kò sì ní tíì tó aago 4 tó fi tún yọ. Ní àárín méjèèjì, ilẹ̀ kì í ṣú tán. Ní Utsjoki lókè réré àríwá, oòrùn tó bá yọ ní àárín oṣù karùn-ún, ó di ìparí oṣù keje kó tó wọ̀. Ó dùn ún yà ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ara yín ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó rẹ̀ ẹ́, oorun á di ohun tí ẹ ń wá kiri, ẹ̀yin pẹ̀lú ìyàwó á sì máa kanra mọ́ ara yín láìmọ̀dí. Kọ́tìnì dúdú tó nípọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra ohunkóhun sínú ilé. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ tètè wádìí lọ́dọ̀ ìmáàmù ibẹ̀ nípa àkókò Ìṣà, torí pé ìlú tí ojú ọ̀run kì í ṣú ní ètò tirẹ̀. Kí ẹ má sì rò pé ooru wọn kò lágbára: ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2010, ooru gun dé ìwọ̀n 37.2 Celsius lẹ́bàá ìlú Joensuu. Ilé tí wọ́n kọ́ láti pa ooru mọ́ ni ẹ máa sùn sí, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Níbo ni gbogbo ará ìlú wá gbà lọ? Mökki ni, ilé kékeré inú igbó létí adágún. Ó lé ní 500,000 irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún àbọ̀. Juhannus, àjọ̀dún àárín ìgbà ooru, ni olórí ọjọ́ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lọ́dún, Sátidé tó bá bọ́ sáàárín ọjọ́ 20 sí 26 oṣù kẹfà. Tó bá ti di Friday rẹ̀, ìgboro á dá bí ọjà tó ti tú. Ẹ̀yin náà á bá wọn lọ, torí pé kò sí ẹlòmíràn tí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ mökki ni kò ní omi ẹ̀rọ. Ẹ máa pọnmi, ẹ máa lagi, ẹ ó sì lo ṣáláńgá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣáláńgá tí ẹ ti rò pé ẹ jápa kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ̀fọn wọn kì í gbé ibà wá, àmọ́ ó pọ̀ bí nǹkan míì. Eégbọn inú koríko ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù, ó lè kó àìsàn tó ń wọ ọpọlọ ràn yín. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ìyẹn, ẹ gbà á, kí ẹ sì máa yẹ ara yín wò lálaalẹ́.

Sauna, yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń làágùn, ńkọ́? Àwa tí wọ́n kọ́ láti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna, àwa náà ni wọ́n máa ní ká bọ́ sí ìhòòhò goloto, ká jókòó ti bàbá ìyàwó lórí pákó kan náà. Bàbá náà á tún ní kí ẹ máa pe òun lórúkọ. Ẹnu mi kò gbà á, títí di òní "bàbá" ni mò ń pè é, ó sì ti gbà fún mi. Ẹ lè ró táwẹ́ẹ̀lì, ẹnikẹ́ni ò ní bá yín jà. Ẹ má ṣáà kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ ò wọlé, nítorí bàbá tí kì í sọ gbólóhùn méjì nídìí oúnjẹ, inú ooru yẹn ló ti máa bi yín léèrè ìyá yín, iṣẹ́ yín, àti ohun tó ń ká yín lára. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á bẹ́ sínú adágún. Ẹni tí kò bá mọ̀wẹ̀ kó dúró sétí omi, kó má sì wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn tí ó ti mutí. Juhannus kì í sábà lọ láìmú ẹnì kan lọ sínú omi.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù fún yín nìyí. Lóṣù keje, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò á kí yín, ìyàwó á máa kọrin. Tó bá di àárín oṣù kejìlá, ọjọ́ kò ní gùn tó wákàtí 6 ní Helsinki, ẹlòmíràn kì í rí oòrùn láti ilé dé ibi iṣẹ́. Ìyàwó tí ẹ rí lóṣù keje, ẹ tún un rí lóṣù kọkànlá kí ẹ tó ta ilẹ̀ yín. Orí ìgbéyàwó náà ni ìwé ìgbélùú yín dúró lé, bó bá túká, wọ́n lè gbà á padà. Ọ̀nà àtidi ọmọ onílùú náà ti gùn sí i: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n ti sọ ọdún 5 tí ọ̀pọ̀ àlejò ń gbé kó tó lè béèrè di 8, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹni tó fẹ́ ọmọ onílùú kéré sí ìyẹn. Èdè àti iṣẹ́ tara yín ni kí ẹ tètè wá.

Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì sí àárín oṣù kẹjọ. Ọ́fíìsì á ti ní èèyàn nínú, kíláàsì á ti ń gba orúkọ, ojú ọjọ́ á ṣì dára, èso mustikka á ṣì wà nínú igbó, ẹnikẹ́ni ni òfin sì gbà láyè láti ká a. Bí àwọn àna bá ní ẹ ò bá àwọn ṣe Juhannus, ẹ ní ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Wọn ò ní ta mökki náà.