Ẹ Yé Fi Excel Ya Àwòrán

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Gbogbo ìparí oṣù ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa ń fi lísìtì tí wọ́n fi Excel ṣe (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to lísìtì àti ìṣirò) ránṣẹ́ sí èmi akọ̀wé: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì, iye tí kálukú dá. Gbogbo ìparí oṣù náà ni mo sì máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí màá máa ráhùn bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe é, wọ́n tilẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Orí rẹ̀ á jẹ́ búlúù, ìdí rẹ̀ á jẹ́ yẹ́lò, orúkọ ẹgbẹ́ á nà gbọọrọ lókè pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Ó dùn ún wò. Kò sì ṣeé lò fún nǹkan kan.

Ojú lẹ fi ń wo fáìlì yín. Kọ̀ǹpútà ò ní ojú. Ohun tí ẹ tẹ̀ síbẹ̀ ló mọ̀, kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó jọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òdo bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dá mi lóró jù. Ẹyọ 11 ni nọ́ńbà fóònù wa ní Nàìjíríà, òdo ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ 10 ni nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ló ń fi òdo bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá kàn tẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sínú Excel, á gbà pé ìṣirò lẹ fẹ́ fi ṣe. Nínú ìṣirò, òdo iwájú ò wúlò, á bá a jù ú nù. Kò ní béèrè lọ́wọ́ yín, kò sì ní sọ fún yín. Àkáǹtì ẹlẹ́yọ 10 ti di ẹlẹ́yọ 9, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí mi bẹ́ẹ̀, èmi náà á gbé e lọ sí báńkì, báńkì á ní irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ò sí. Ìyá àgbà tó ti ń retí owó ẹ̀yáwó á wá pè mí láàárọ̀ kùtù: "Akọ̀wé, ṣé wọ́n ti kó owó mi jẹ ni?" Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé òdo ló sọnù?

Bẹ́ẹ̀ ohun tó máa gbà yín ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ tẹ lẹ́tà tó wà lórí òpó (column) náà kí gbogbo òpó ọ̀hún lè mọ́lẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+1, ẹ mú Text, ẹ tẹ OK. Ó tán. Tó bá jẹ́ ẹyọ nọ́ńbà kan péré lẹ fẹ́ kọ, ẹ fi àmì ' ṣáájú òdo rẹ̀, kò ní hàn nígbà tí ẹ bá tẹ fáìlì náà sórí bébà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni mo wí o! Ẹni tó ti tẹ̀ ẹ́ tán, tí òdo ti lọ, tó wá ń sáré yí òpó padà sí Text, òdo yẹn ò ní jí dìde. Onítọ̀hún á ní láti lọ sí òpó mìíràn, kó kọ =TEXT(A2,"0000000000") síbẹ̀ (A2 ni àpótí tí nọ́ńbà náà wà) kó tó lè dá òdo àkáǹtì padà, tó bá jẹ́ fóònù, á fi òdo kan kún un kó lè pé 11. Ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lóṣooṣù? Èmi ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé inú wa ní àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ: àwọn ò ní fi òdo bẹ̀rẹ̀ mọ́, 234 làwọn máa lò. Ẹ kú ọgbọ́n! 234 ti sọ ọ́ di ẹlẹ́yọ 13, Excel kì í sì í fi nọ́ńbà tó bá ti ju ẹyọ 11 hàn tán tí ẹ kò bá sọ ohun tó jẹ́ fún un. Á ká a kò, á di 2.34803E+12 tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Èyí ò tíì burú, torí nọ́ńbà gan-an ṣì wà nísàlẹ̀. Ó wá burú nígbà tí ẹ bá fi fáìlì náà pamọ́ bíi CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan), torí ohun tó hàn yẹn ló máa kọ sílẹ̀. Ẹyọ ìparí ti lọ, kò sí fọ́múlà tó lè dá a padà láyé. Ẹ̀ka kan ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi rí, tí ogúnlọ́gọ̀ èèyàn ń jẹ́ nọ́ńbà fóònù kan náà. Mo pe olórí ẹ̀ka náà, wọ́n ní, "Ó pé lójú tèmi o, Akọ̀wé. Bóyá fóònù rẹ ni."

Ẹni tó bá sì tẹ ẹyọ 16 ojú káàdì ATM síbẹ̀ (tí kò tilẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ sínú fáìlì kankan, àmọ́ ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́), ẹyọ 15 péré ni Excel máa ń rántí. Ẹyọ ìkẹyìn á di òdo. Níbi tí a ti ń wá òdo, ó gbà á. Níbi tí a ò ti bẹ̀ ẹ́, ó fi tọrẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àìkàwé ló fà á. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí nípa àbùdá ara èèyàn (gene) gan-an jẹ nínú ìyà yìí. Wọ́n ní àbùdá kan tó ń jẹ́ SEPT1, òmíràn ń jẹ́ MARCH1. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, á sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, tàbí ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Lọ́dún 2016, àwọn kan yẹ àwọn ìwé ìwádìí tó ní irú lísìtì bẹ́ẹ̀ nínú wò, wọ́n rí i pé bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ti bàjẹ́. Nígbà tó di 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ àwọn àbùdá yìí lórúkọ gbà fún Excel, wọ́n yí orúkọ padà sí SEPTIN1 àti MARCHF1. Orúkọ nǹkan tó wà nínú ara ọmọ aráyé ni wọ́n yí padà nítorí ẹ̀rọ ìṣirò! Ó di 2023 kí Microsoft tó fi ibi tí èèyàn ti lè pa ìwà yìí síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Excel tuntun ti Microsoft 365, ẹ lọ sí File, Options, Data, ẹ wo apá tí wọ́n pè ní Automatic Data Conversion, ẹ yọ àmì tó wà nínú àwọn àpótí ibẹ̀ kúrò. Títí kan ti òdo iwájú o, ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wá ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ wa ṣì wà lórí ètò Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù ti ń ṣáájú ọjọ́. Ẹ tẹ 05/12/2024, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá lẹ ní lọ́kàn, kọ̀ǹpútà gbà á sí ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún. Ẹ tẹ 25/12/2024, kò sí oṣù karùndínlọ́gbọ̀n, á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Nínú òpó kan náà, ìdajì jẹ́ irọ́, ìdajì kì í ṣe ọjọ́ rárá, ẹ wá ní kí n to ẹni tó kọ́kọ́ yáwó sókè. Ẹ kọ orúkọ oṣù ní lẹ́tà, 5-Dec-2024, ìjà tán. Tí ẹ bá sì rí 45292 níbi tó yẹ kí ọjọ́ wà, ẹ má pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 nìyẹn, bí Excel ṣe ń ka ọjọ́ láti ọdún 1900 wá. Ctrl+1, Date, á padà sípò.

Owó wá ni èyí tí mi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á kọ #25,000. Ẹlòmíràn á kọ 25k. Òmíràn á kọ "25,000 only", bí ẹni pé sọ̀wédowó ló ń kọ. Gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ni lójú Excel, SUM, fọ́múlà tó ń ro iye pọ̀, á kàn fò wọ́n ni. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀rọ̀, àròpọ̀ á jẹ́ 0, èèyàn á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Èyí tó léwu ni tí àwọn kan bá jẹ́ nọ́ńbà, tí àwọn tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀. Àròpọ̀ á jáde, á jọ òótọ́, akápò á kà á níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo akápò lójú pọ̀n-ún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni akápò wa. Iye nìkan ni kí ẹ tẹ̀, 25000, ẹ má fi nǹkan kan kún un, kí ẹ kọ ₦ sí orí òpó lókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Excel tilẹ̀ ń ta yín lólobó: ọwọ́ ọ̀tún ni nọ́ńbà máa ń sún mọ́, ọwọ́ òsì ni ọ̀rọ̀ ń wà. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó gbogbo nǹkan sí àárín nítorí ẹwà, ẹ ti pa olobó náà.

Àti àwọ̀! Ẹni tó san, gíríìnì. Ẹni tó san díẹ̀, yẹ́lò. Ẹni tí kò san, pupa. Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó san tàbí kò san. SUMIF, fọ́múlà tó ń ro kìkì iye tó bá ohun tí a béèrè mu pọ̀, ò mọ àwọ̀. Tí mo bá gbé e sí CSV, gbogbo gíríìnì àti pupa á pòórá, gbogbo wa á di ọ̀kan náà níwájú Ọlọ́run. Nígbà tí mo bẹ ẹ̀gbọ́n kan pé kí wọ́n ṣí òpó kan, kí wọ́n kọ "san" tàbí "kò san" síbẹ̀, èsì wọn ni pé, "Ìwọ náà le jù, Akọ̀wé. Ṣebí o rí i pé gíríìnì ni?" Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Èmi nìkan ni mo rí i.

Mi ò ní pẹ́ lórí Merge, ìyẹn síso àpótí pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ má ṣe é. Ẹ fẹ́ kí àkọlé wà láàárín lókè, ẹ tẹ Ctrl+1, Alignment, ẹ mú Center Across Selection, bákan náà ló máa rí, màá sì lè to lísìtì láìjẹ́ pé Excel ń bá mi jà.

Orúkọ wa ńkọ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀? Ibí ni mo ti fẹ́ sunkún. Àwọn kan ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ, wọ́n á tẹ o, wọ́n á fi Ctrl+U fa ìlà sí i nídìí. Ó jọ ọ́ lóòótọ́ nínú Word. Ẹ wá dà á sí WhatsApp, ìlà ò bá a débẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà ti di oko, àwọn ará ẹ̀ka kejì sì ń béèrè pé ibo ni ilẹ̀ náà wà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ náà ò yọ nínú ẹ̀bi, torí ọ̀nà méjì ni ọ ń gbà wọlé: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan tó dá dúró, ó lè jẹ́ o tí wọ́n so àmì ìsàlẹ̀ mọ́. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n VLOOKUP, fọ́múlà tó ń bá wa wá orúkọ nínú lísìtì, á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Adébáyọ̀ ti di méjì nínú ìwé mi, ọ̀kan jẹ gbèsè, èkejì ò jẹ. Ẹ fi àlàfo kan kún ìparí orúkọ, ó di mẹ́ta. TRIM á gbá àlàfo dànù, kò lè rí ti àmì ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo pé kí ẹ máa kọ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí n fi í so àwọn lísìtì pọ̀, kí n yé fi orúkọ ṣe é. Tó bá sì di dandan kó jẹ́ CSV, ẹ mú èyí tí wọ́n pè ní CSV UTF-8 lára àwọn tó wà nínú Save As. CSV lásán ò mọ lẹ́tà wa. Ẹni tó bá sì tẹ èyí tó jẹ́ UTF-8 lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i lè rí áº¹ níbi tó yẹ kí ẹ wà. Data, From Text/CSV ni kó gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló ti máa ní kí òpó nọ́ńbà jẹ́ Text, kí òdo má baà tún sá lọ.

Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ń fi Word ṣe, díẹ̀ ni màá sọ. Ẹni tó fẹ́ lọ sí ojú ìwé kejì, tó ń tẹ Enter títí ó fi débẹ̀, kí ó mọ̀ pé tí mo bá fi ìlà kan kún ojú ìwé àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ á yẹ̀. Ctrl+Enter ni. Ẹni tó ń fi spacebar to orúkọ àti owó kí wọ́n lè gún régé, tábìlì wà nínú Insert, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+8 kí ẹ rí gbogbo àmì tó fara pa mọ́ nínú ìwé yín. Ẹ̀rù á bà yín.

Lísìtì oṣù tó ń bọ̀, mo ti fi fáìlì tí mo to òpó rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo olórí ẹ̀ka. Òpó fóònù àti àkáǹtì ti wà ní Text, òpó owó ń gba nọ́ńbà nìkan. Inú rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹni tó bá fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi, tàbí fáìlì tí òdo rẹ̀ ti sọnù, mi ò ní tún un ṣe mọ́. Màá dá a padà, kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ pe ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti béèrè nọ́ńbà àkáǹtì wọn lọ́tun, kó sì ṣàlàyé fún ìyá àgbà yẹn ìdí tí owó wọn ò fi tíì wọlé.