Bọ̀dá Gbádé Ti Ta Káàdì

(Ọjọ́ 6 oṣù kìíní 2025 ni wọ́n ń kà ní Las Vegas. Níbi tí Bọ̀dá Gbádé wà, ilẹ̀ ti ṣú. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, skíríìnì dúdú bí ìdí ìkòkò, "No Signal" nìkan ló ń rìn kiri lójú ẹ̀ bí ẹni tó sọnù. Fóònù wà lórí itan ẹ̀. Ìyá Kíkẹ́, ìyàwó ẹ̀, yọ sí i lẹ́yìn.)

ÌYÁ KÍKẸ́: Bàbá Kíkẹ́, kí lẹ̀ ń wò?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Kọ̀ǹpútà ni mò ń wò.

ÌYÁ KÍKẸ́: Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni. Kí ló wà lójú ẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Kò tíì sí nǹkan kan báyìí. Nǹkan ń bọ̀.

ÌYÁ KÍKẸ́: Láti àárọ̀?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Mò ń dúró de ọkùnrin kan.

ÌYÁ KÍKẸ́: Ọkùnrin wo? Ṣé ó mọ ilé wa?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Jensen Huang! Ọ̀gá NVIDIA, onijákẹ́ẹ̀tì aláwọ dúdú yẹn. Ó máa gun pèpéle láìpẹ́ yìí, ó máa dárúkọ gráfíìsì káàdì tuntun tí wọ́n ṣe, èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, á wá sọ iye tí wọ́n máa tà á.

ÌYÁ KÍKẸ́: Ẹ mọ̀ ọ́n ni?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ta ni ò mọ̀ ọ́n?

ÌYÁ KÍKẸ́: Òun náà ńkọ́, ó mọ̀ yín?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: (ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀) Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀.

ÌYÁ KÍKẸ́: Ó dáa. Káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tẹ́lẹ̀ dà?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Mo ti tà á.

ÌYÁ KÍKẸ́: Ẹ ti kí ni?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Fara balẹ̀ gbọ́ mi. Tí wọ́n bá ti dárúkọ iye káàdì tuntun báyìí, gbogbo èèyàn tó ní ti àtijọ́ lọ́wọ́ ló máa sáré gbé e síta, tí gbogbo wọn bá sì gbé e síta lẹ́ẹ̀kan náà kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí owó ẹ̀, ó máa já wálẹ̀ gbì, ìdí nìyẹn tí èmi fi yára tà á lánàá, kí àwọn tó kù tó jí. Ọjà lọjà ń jẹ́. $340 ni mo pè é, ẹni tó rà á bẹ̀ mí kí n yọ 20, mo yọ ọ́ fún un, torí ó kúkú ní sítíkà labalábá tí Kíkẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ tí kò ṣe é hó.

ÌYÁ KÍKẸ́: Ta ló rà á?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Mi ò mọ̀ ọ́n o. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé. "Ojú Ọjà" lorúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Ó rán ọmọ kan wá gbé e.

ÌYÁ KÍKẸ́: Kọ̀ǹpútà ò wá ríran mọ́. Láptọ́ọ̀pù tèmi ò ní káàdì kankan, ó ṣáà ń ríran.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Tìẹ ní gráfíìsì tó bá a wáyé nínú processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Tèmi, èyí tó ní F nídìí ni mo rà, i5-12400F. Intel tó ṣe é ò fi gráfíìsì sínú àwọn oní-F. Ó fi dọ́là díẹ̀ dín ni mo ṣe rà á.

ÌYÁ KÍKẸ́: F yẹn, F ti fọ́jú ni.

(Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Sùnmọ́nù ni, ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò tí kò níṣẹ́ kan pàtó àmọ́ tí aṣọ ọrùn ẹ̀ máa ń tuntun, gbogbo wa la ní irú ẹ̀ ládùúgbò.)

SÙNMỌ́NÙ: Ẹ kú ilé o! Bọ̀dá Gbádé, ẹ kú ìdúró.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń dúró?

SÙNMỌ́NÙ: Ẹ̀yin náà? Ìgbà wo lẹ ò dúró rí? Àǹtí mi, ẹ kúulé.

ÌYÁ KÍKẸ́: Sùnmọ́nù, owó mi dà?

SÙNMỌ́NÙ: Ha, Àǹtí! Ọjọ́ kẹta rèé tí mo gbà á. Mo ti fi ṣòwò kékeré kan, kó tó parí oṣù yìí owó yẹn á ti bímọ.

ÌYÁ KÍKẸ́: Mi ò ní kó bímọ. Kó ṣáà ti padà wálé.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ẹ dákẹ́ ná jàre, ẹ jẹ́ n ṣírò. Sùnmọ́nù, gbọ́ bí mo ṣe tò ó. Mo ní 680 nílẹ̀, mo gba 320 lórí káàdì, ó di 1,000. Bí mo ṣe rí i yìí, 5080, káàdì tuntun tí mò ń dúró dè, ò lè kọjá 999. Mo rà á tán, ó ṣẹ́ kù dọ́là kan.

ÌYÁ KÍKẸ́: Kí la máa fi dọ́là kan ṣe?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: A máa fi í pamọ́.

SÙNMỌ́NÙ: Bọ̀dá mi, ta ló sọ fún yín pé 999 ni? Àwọn kan ń pariwo 1,400 kiri.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ọkàn mi ló sọ fún mi.

ÌYÁ KÍKẸ́: Ọkàn yín kan náà tó sọ̀rọ̀ lọ́dún 2020? Sùnmọ́nù, jókòó kí n sọ fún ẹ. Ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án 2020, orí àga yìí náà ló jókòó sí, káàdì NVIDIA tí wọ́n ń pè ní 3080 ń jáde lọ́jọ́ náà ní $699, ó ní òun ti fẹ́ atẹ́gùn sí ìka òun kó lè yá tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kí ó tó tẹ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ti tà á tán.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Bot ló rà á, ètò kọ̀ǹpútà tó ń rajà fúnra ẹ̀! Èèyàn kọ́!

ÌYÁ KÍKẸ́: Ó wá dúró. Ó dúró títí wọ 2021, ó kàn wá lọ rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ní $1,500. Káàdì 699!

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Àwọn tó ń fi káàdì wa Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ń wa góòlù, ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ. Tí ẹnì kan bá ń fi nǹkan wa owó lójoojúmọ́, tìẹ tó o fẹ́ fi ṣe gẹ́ẹ̀mù, báwo lo ṣe fẹ́ bá a du?

ÌYÁ KÍKẸ́: Ó rà á tán, ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022 Ethereum yí ọ̀nà padà, wọn ò nílò káàdì mọ́, àwọn awakùsà da gbogbo káàdì wọn sígboro. 3080 di nǹkan tí wọ́n ń tà bí ẹ̀wù àlòkù. Ọkọ mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ikùn ló ń run mí.

SÙNMỌ́NÙ: Ẹ̀yin ò wá ra 4080 tó tẹ̀ lé e nígbà yẹn?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Èwo nínú ẹ̀? Torí méjì ni wọ́n kọ́kọ́ kéde. Ọ̀kan 1,199, ọ̀kan 899, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ àmọ́ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá, chip inú wọn yàtọ̀. Àwọn èèyàn bínú títí NVIDIA fi gba orúkọ kúrò lára ọmọ yẹn kó tó dé ọjà rárá. Nígbà tó máa fi padà wá lóṣù kìíní 2023, 4070 Ti ló ń jẹ́, 799. Mo ní ọmọ tí wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ fún báyìí, ẹ jẹ́ kó dàgbà ná.

SÙNMỌ́NÙ: Lẹ bá tún dúró.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Mo sinmi ni. Ó tiẹ̀ tún ní nǹkan tó ń dùn mí. 1080 Ti tí wọ́n ta ní 699 lọ́dún 2017, mẹ́mórì 11 gíìgì ló gbé. 3080 tèmi, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, 10. Àbúrò wáyé, ó kéré sí ẹ̀gbọ́n!

(Fóònù bú sí ariwo. Ọkùnrin náà ti dé orí pèpéle, jákẹ́ẹ̀tì ọ̀tẹ̀ yìí ń dán yànrànyànràn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó orí jọ sórí fóònù kékeré kan, torí skíríìnì ńlá tó wà níwájú wọn ò wúlò fún nǹkan kan.)

ÌYÁ KÍKẸ́: Jákẹ́ẹ̀tì yẹn dáa o.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ṣẹ́ẹ̀! Ó ti ń kà á. 5090, 1,999.

ÌYÁ KÍKẸ́: Dọ́là?

SÙNMỌ́NÙ: 32 gíìgì, wáàtì 575. Òun nìkan lè gbé iná ilé.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Tàwa kọ́ nìyẹn. 5080... 999! Mi ò sọ fún yín! Mi ò sọ! (ó fò dìde, ó forí gbá tábìlì, kò tiẹ̀ mọ̀) Ó ṣẹ́ kù dọ́là kan! 5070 Ti, 749. 5070, 549, wọ́n tún ní 5070 yẹn ń sáré bíi 4090. 4090 tí wọ́n tà ní 1,599! Ẹni tó ní i lọ́wọ́ báyìí ò ní sùn lónìí.

SÙNMỌ́NÙ: Bọ̀dá, ẹ má tíì jó. Fírémù, àwòrán tí AI ń fi kún un yẹn, ni wọ́n kà mọ́ ọn. Tí káàdì bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ ya àwòrán kan, AI lè fi mẹ́ta sí i, ó di mẹ́rin. Ẹ wá yọ mẹ́ta yẹn kúrò kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ tún máa rí 4090 kankan níbẹ̀.

ÌYÁ KÍKẸ́: Ọ̀kan ló wà, wọ́n ń ka mẹ́rin?

SÙNMỌ́NÙ: Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí.

ÌYÁ KÍKẸ́: Bí Bàbá Kíkẹ́ ṣe máa ń ka owó nìyẹn. Ọ̀kan wà lápò, mẹ́ta wà lọ́kàn.

(Ọjọ́ 30 oṣù kìíní, ọjọ́ tí 5080 bọ́ sọ́jà. Àga yẹn náà, "No Signal" yẹn náà. Bọ̀dá Gbádé ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé wo dúdú, ojú ẹ̀ ti ń jọ ojú ológbò. Láptọ́ọ̀pù ìyàwó wà lápá ọ̀tún, fóònù méjì lápá òsì.)

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ó ku ìṣẹ́jú kan. Kíkẹ́, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí wáyà! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo fídíò nínú ilé yìí. Ó ti tó, ó ti tó... ó ti wọlé! Ó wà nínú cart! Ìyá Kíkẹ́, ó wà nínú cart!

ÌYÁ KÍKẸ́: Ẹ sanwó nígbà náà!

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ó ní kí n fi hàn pé èèyàn ni mí.

ÌYÁ KÍKẸ́: Ẹ fi hàn án!

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ó ní kí n mú gbogbo àwòrán tó ní bọ́ọ̀sì nínú... eléyìí, ṣé bọ́ọ̀sì ni tàbí ọkọ̀ akẹ́rù?

ÌYÁ KÍKẸ́: Bọ́ọ̀sì ni!

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Mo tẹ̀ ẹ́. (ìdákẹ́jẹ́ẹ́) Ó ti tán.

ÌYÁ KÍKẸ́: Kí ló tán?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Gbogbo ẹ̀. Bot tún ti rà á. Bot mọ bọ́ọ̀sì jù mí lọ. Wò ó, ẹnì kan ti gbé 5080 síta níbí báyìí, kò tíì dé ọwọ́ ẹ̀ pàápàá, 1,800 ló pè é.

(Sùnmọ́nù wọlé. Ó fi ọ̀rá dúdú há abíyá, ojú ẹ̀ dùn bí ojú ẹni tó wá bá wa kẹ́dùn.)

SÙNMỌ́NÙ: Bọ̀dá mi, mo gbọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ló gbé mi wá. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ní 3080 kan nílẹ̀, káàdì gidi, wọn ò fi wa Ethereum rí. Torí pé ẹ̀yin ni, 550.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: 550? Mo ta tèmi ní 320 lóṣù yìí náà!

SÙNMỌ́NÙ: Ìgbà yẹn nìyẹn. Gbogbo àwọn tó ta tiwọn bíi tiyín ni wọn ò rí tuntun rà, wọ́n ti padà ń wá àtijọ́ kiri. Ọjọ́ méjì sí i, mi ò mọ ohun tó máa jẹ́.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Gbé e wá kí n wò ó. (ó gbé e yẹ̀ wò níwájú, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀, ó dákẹ́) Sùnmọ́nù.

SÙNMỌ́NÙ: Bọ̀dá mi.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Labalábá wo nìyí?

SÙNMỌ́NÙ: Wọ́n ń fi í sára àwọn kan láti ilé iṣẹ́.

KÍKẸ́: (láti ẹnu ọ̀nà) Labalábá mi!

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Ìwọ ni Ojú Ọjà?

SÙNMỌ́NÙ: Bọ̀dá, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún ìyàwó yín pé ọjà lọjà ń jẹ́.

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: O gbọ́ ọ? Ìgbà wo lo wà níbẹ̀?

SÙNMỌ́NÙ: Mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kí n tó kàn án.

ÌYÁ KÍKẸ́: Sùnmọ́nù, dúró ná. Owó wo lo fi ra káàdì yìí?

(Sùnmọ́nù wo òkè. Ó wo ilẹ̀. Kò síbi tó máa wò tí kò sí ojú Ìyá Kíkẹ́.)

SÙNMỌ́NÙ: Òwò... òwò kékeré tí mo sọ fún yín yẹn ni, Àǹtí.

ÌYÁ KÍKẸ́: 320 ni mo yá ẹ. 320 náà lo fi rà á. Owó mi ò tíì padà wálé, àmọ́ mo rí ohun tí owó mi dà. Gbé e fún mi.

SÙNMỌ́NÙ: Àǹtí, èrè mi ńkọ́?

ÌYÁ KÍKẸ́: Èrè ẹ ni pé mi ò ní sọ fún ìyá ẹ.

(Sùnmọ́nù gbé káàdì lé e lọ́wọ́, ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi bá ẹnu ọ̀nà. Bọ̀dá Gbádé ti mú síkúrúdíráfà, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀.)

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Orí ẹ pé, ìyàwó mi! Kó o wá, kí n fi í sínú ẹ̀ kíákíá.

ÌYÁ KÍKẸ́: Kí lẹ fẹ́ fi sínú ẹ̀? Èyí tẹ́ ẹ ti tà?

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: Èmi àti ìwọ náà?

ÌYÁ KÍKẸ́: Ọ̀tọ̀ lèmi, ọ̀tọ̀ lọjà. Mi ò ní kí ẹ má rà á o. Àmọ́ mi ò tíì dárúkọ iye. Ẹ jókòó, ẹ dúró dè mí.

(Ó wọ yàrá lọ. Bọ̀dá Gbádé jókòó. Ó ń wo "No Signal". Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Kíkẹ́ jáde, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ dúdú ọkọ ẹ̀ ló wọ̀, apá ẹ̀ gùn dé ìka, ó gbé káàdì sókè kí Kíkẹ́ lè rí labalábá dáadáa.)

ÌYÁ KÍKẸ́: Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo yín. 999.

(Bọ̀dá Gbádé ti apá bọ àpò. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.)

BỌ̀DÁ GBÁDÉ: (kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́) Ó ṣẹ́ kù dọ́là kan.