Pípààrọ̀ ẹnu abẹ́rẹ́ nìkan kò tó
Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kẹ́míìsì kan ní Kàbà ń fi sìríǹjì kan gún èèyàn mẹ́ta, pé kò séwu bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹnu abẹ́rẹ́. Ewu ńlá ni! Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín tí ojú kò rí máa ń fà padà sínú sìríǹjì. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ (hepatitis) B, C tàbí HIV lè bá a wọlé. Ti ẹ̀dọ̀ B yìí le o: ó lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Fífi omi gbígbóná fọ sìríǹjì ọ̀rá tí wọ́n ti lò kọ́ ni ojútùú. Kí wọ́n já tuntun lójú yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dìde ńbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ má tijú.