Abẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì

Ní ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ aṣọ Ojúde Ọba la ń bá bọ̀ tí ẹnìkan fi là á mọ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún àbúrò òun, òun sì ti kìlọ̀ kí wọ́n má gún un ní tranexamic acid, abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. "Ẹ̀jẹ̀ á kàn dì pa á sínú ọkàn ni." Gbogbo ilé ń mi orí. Ìyá tó ń bu ìkọ́kọrẹ́ gan-an ní òótọ́ ni.

Ọdún 26 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ìjẹ̀bú ni wá, ẹ jẹ́ kí n fi gààrí ṣàlàyé. Ara fúnra rẹ̀ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì láti dí ojú ọgbẹ́. Plasmin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń yọ́ èyí tó ti dì. Nígbà iṣẹ́ abẹ ọkàn, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba inú ẹ̀rọ kọjá, plasmin á ya wèrè, á máa tú ohun tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dí ọgbẹ́. Tranexamic acid ló ń dá a lẹ́kun. Ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gààrí tí a tẹ́, ṣé òun ló yan gààrí?

Ìwádìí ATACAS, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, ló yẹ kó pa ẹnu yín mọ́. Àwọn 4,631 tí iṣan ọkàn wọn ti dí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà yín fún gan-an nìyẹn! Wọ́n fún apá kan ní oògùn yìí, wọ́n fún apá kejì ní omi lásán. Ikú, rọpárọsẹ̀, ìkọlù ọkàn àti irú wọn mú 16.7% nínú àwọn tó gba oògùn, 18.1% nínú àwọn tí kò gbà á. Àwọn tí wọ́n tún ní láti là láyà torí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 1.4% níbí, 2.8% lọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ àti èròjà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí àwọn tó gba oògùn lára jẹ́ 4,331 àpò, àwọn tó gba omi lásán gba 7,994. Ẹni tó bá ti wá páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan rí lóru á mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé wọ́n ti kó oògùn yìí kúrò lọ́jà. Èyí tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní 2008, aprotinin ni, tí wọ́n ń yọ láti inú ẹ̀dọ̀fóró màlúù. Oògùn mìíràn ni.

Èmi fúnra mi ti dúró ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, tí aṣọ abẹ́ rẹ̀ rin gbingbin. Gíráàmù kan oògùn yìí ni mo rọra ń ti sínú iṣan rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ojú mi ń wo aago, ojú mi ń wo aṣọ. Kò dì pa á. Ó ń tajà ní Sábó, Ṣàgámù, títí dòní.

Ó dáa, gìrì máa ń mú àwọn díẹ̀: nínú ATACAS, 0.7% nínú àwọn tó gba oògùn, 0.1% nínú àwọn tí kò gbà á. Mo gbà.

Mo ní kí arákùnrin náà pe dókítà àbúrò rẹ̀ padà, kí ó yọ ẹnu kúrò nínú iṣẹ́ oníṣẹ́. Ó ní òun á rò ó wò. Wọ́n sì padà sórí ọ̀rọ̀ aṣọ.