Ó ní kò sí èyí tó wu òun

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n san iye tó bá wù mí? Kò sí èyí tó wù mí, Àǹtí.”

Bí ọmọkùnrin yẹn ṣe dá mi lóhùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nìyẹn, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi ni. Ó ti jẹ ìrẹsì mi tán. Ó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà àbúrò mi fún bíi wákàtí méjì, ó ń ta géèmù tí àbúrò mi fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ó ń pariwo, ó ń fọwọ́ lu tábìlì, ó ń sọ pé “Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ pé o!” Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó yọ fóònù ẹ̀ jáde, fóònù tí owó ẹ̀ tó owó ilé ọdún kan ládùúgbò wa, ó lọ síbi tí géèmù náà wà, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tí èèyàn ò bá fẹ́ sanwó. Ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Ó mọ̀ pé mò ń wo òun.

Inú bí mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Géèmù kékeré ni o. Kọ́ńdọ́kítọ̀ dánfó lẹ máa jẹ́ nínú ẹ̀. Èrò á fún yín ní náírà 1,000 fún owó ọkọ̀ 400, ẹ gbọ́dọ̀ wá ṣéńjì kí mọ́tò tó dé Ọjọ́ta. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ máa so èrò méjì pọ̀, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ máa bá ara wọn fà á. Ohùn àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló fi ń pe “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Oṣù mẹ́rìnlá ló fi ṣe é, lálẹ́, lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, nígbà míì lórí jẹnẹrétọ̀ tí owó epo ẹ̀ yẹ kó jẹ́ owó ọbẹ̀.

Orí itch.io, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta géèmù, ló gbé e sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ ìkànnì yẹn, mo ti pariwo ẹ̀ tó. Leaf Corcoran ló ṣí i ní 2013, kí ẹni tó bá dá ṣe géèmù nínú yàrá ẹ̀ lè gbé e síta láì lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Ẹni tó ni géèmù ló ń dá iye tó kéré jù, ó sì lè jẹ́ òdo. Tó bá wu òǹrajà, kó san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2015, ẹni tó ni géèmù náà ló tún ń yan iye tí ìkànnì máa yọ nínú owó ẹ̀. Ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n fi í sí, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́, ẹ fà á wálẹ̀ dé òdo, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé Steam, ìkànnì ńlá tí wọ́n ti ń ta géèmù, ni ọjà gidi, mo ti gbọ́. Dọ́là 100 ni Steam ń gbà kí géèmù kan tó wọlé, kì í dá a padà àfi tí géèmù náà bá ti pa dọ́là 1,000, ó sì tún ń mú ìdá 30 nínú 100 lára owó ọjà. Ẹ bá mi ṣẹ́ dọ́là 100 sí náírà ná.

Ẹnìkan ti sọ fún mi pé “san iye tó wù ẹ́” kì í ṣe nǹkan wa, pé àwa máa ń ná ọjà ni. Ta ló ń ná onílù? Onílù á wá dúró níwájú yín lóde àríyá, á ki baba yín, á ki ìyá yín, kò ní í dárúkọ iye kan. Ẹ ó sì nọ́wọ́ sápò. Ẹ ń nọ́wọ́ sápò nítorí ìyá ìyàwó ń wò yín, oníkámẹ́rà ń wò yín, ẹni tí ẹ jọ jókòó ti lẹ owó tiẹ̀ mọ́ onílù níwájú orí. Ojú ló ń rójú ṣàánú. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló rí yín? Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún yín láti fi bọ́: “Rárá, ẹ ṣeun, ẹ ṣáà mú mi lọ síbi tí màá ti dáńlóòdù.” Ẹ lọ sọ irú ẹ̀ fún onílù kí n rí yín.

Gbogbo èyí ni mo rò fún àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo ní kó fi í sí dọ́là 2 gbáko, kó ti ilẹ̀kùn òdo pa. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn yí kọ̀ǹpútà sí mi. Èèyàn 312 ló ti dáńlóòdù ẹ̀, àwọn 9 ló sanwó. Èmi ni ọ̀kan. Ẹnìkan tí a ò mọ̀ rí san dọ́là 10, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò dé Èkó rí, àmọ́ òun ti so èrò méjì pọ̀, ọkàn òun ò sì balẹ̀ látìgbà náà.

Ojú ta ló rí ìyẹn? Ẹni tí mo dúró lẹ́yìn ẹ̀ ni kò san kọ́bọ̀.

(Dọ́là 10 ọ̀hún ò tíì dé o. Ilé iṣẹ́ tó yẹ kó kó o ránṣẹ́ ní kí àbúrò mi mú ìwé owó iná ilé wá. Mítà tí à ń kó owó sí ká tó tan iná la ní, ìwé wo la fẹ́ mú? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn.)

Ibi tí ẹnu mi ti wọlẹ̀ ni pé mo ṣí kọ̀ǹpútà tèmi. Ẹ rántí oṣù Kẹfà 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Amẹ́ríkà, tí àwọn olùṣe géèmù kó iṣẹ́ wọn tó lé ní 1,700 jọ, tí wọ́n tà á pọ̀ lórí itch.io, tí owó tí wọ́n rí fún àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là. Mo pariwo níbí pé mo dá sí i. Dọ́là 5 ni iye tó kéré jù. Dọ́là 5 ni mo san. Nínú iṣẹ́ tó lé ní 1,700, bóyá ni mo ṣí méje wò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, géèmù 43 ló wà nínú fódà mi. Mo kà wọ́n. Mi ò rántí pé mo sanwó ìkankan.

Lálẹ́ àná, mo padà sí ojú ewé ọ̀kan nínú wọn, géèmù kan tó jẹ́ pé apẹja ni èèyàn máa ń ṣe, tí mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Mo kọ dọ́là 3. Mo tẹ nọ́ńbà káàdì mi. Báńkì kọ̀ ọ́. Mo tún un tẹ̀, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Mo ń tẹ ẹ́ nígbà kẹta nígbà tí àbúrò mi gbé ẹ̀bà ẹ̀ kọjá lẹ́yìn mi, ó tẹ̀ wò ó.

“Àǹtí, ẹ ṣáà tẹ ‘Rárá, ẹ ṣeun’ yẹn, kẹ́ ẹ wá jẹun.”